Hábákúkù Orí Kọkànlá

Òórùn kẹrosínì ló máa ń jí mi ní Kétu, kì í ṣe àkùkọ. Ìyá mi á ti tan sítóòfù sẹ́nu ọ̀nà, omi ògì á ti máa hó, òórùn yẹn á wá gba gbogbo yàrá kan ṣoṣo tí a ń gbé. Yóò pàdé òórùn àńkárá tuntun tó wà nídìí máṣíìnì bàbá mi, yóò pàdé òórùn ata tí ìyá mi kò tà tán lánàá, tó ti ń rọ̀ nínú agbọ̀n lábẹ́ ibùsùn. Tí òórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti kí ara wọn tán, mo mọ̀ pé bàbá mi máa tó pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, "Ó yá, ẹ dìde, Ọlọ́run ti ń dúró." Ẹ ó rò pé Ọlọ́run wá gba ṣòkòtò tó ní kí wọ́n bá òun rán ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè Ìkòsì nígbà náà, ẹ ò ní bi mí bí ilé wa ṣe rí. Ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kànga kan, ṣáláńgá kan, ìjà kan lójúmọ́. Ẹni tó bá dín ẹja, gbogbo ilé ló máa mọ irú ẹja tó jẹ́. Bàbá mi ń ránṣọ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, ìyá mi pàtẹ ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn àkọ́bí, ń lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lódì kejì títì, níbi tí tíṣà wa ti ń rán wa lọ ra àkàrà ju bó ṣe ń kọ́ wa ní ìṣirò lọ. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ó ṣáà tó mi láti ka Bíbélì àti ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó kó tòmátì wọlé, mi ò sì tíì dé ibi tí mo ti nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní tiwọn kò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rárá. Bàbá mi nìkan ló mọ̀wé kà nínú ilé wa nígbà náà, wọ́n sì rí i dájú pé kò sẹ́ni tó gbàgbé. Láàárọ̀, wọ́n á jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí a ní, àwa á wà lórí ẹní nílẹ̀, wọ́n á nu awò ojú wọn, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á wá ṣí Bíbélì.

Ọ̀nà méjì ni bàbá mi ń gbà ka Bíbélì. Nígbà mìíràn wọ́n á tẹjú mọ́ ìwé, ìka wọn á máa tọ ìlà, wọ́n á sì máa kọsẹ̀ bí ẹni tó ń gba inú ẹrẹ̀ Mile 12 kọjá lásìkò òjò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á gbójú sókè wo àjà, ọ̀rọ̀ á sì máa ṣàn lẹ́nu wọn bí epo tí wọ́n ń dà láti inú kẹ́ẹ̀gì. Nínú èyí tó ń ṣàn yìí ni mo ti gbọ́ pé ọmọ tí ó bá jẹ ẹja kí bàbá rẹ̀ tó jẹ tirẹ̀, eyín rẹ̀ yóò máa mì. Níbẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé kí aya má ṣe bi ọkọ léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ nígbà tí ebi ń pa á, àti pé ẹni tí ó bá fi sísọ́ọ̀sì ìránṣọ gé ike, ìran rẹ̀ kì yóò rí aṣọ wọ̀. Ọjọ́ kan ṣáájú ni ẹnìkan nílé wa fi sísọ́ọ̀sì yẹn gé ike. Wòlíì mọ̀.

Wòlíì náà ni Hábákúkù. Gbogbo ẹsẹ tó ń ṣàn ló ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá: Hábákúkù orí keje, Hábákúkù orí kẹsàn-án. Kì í ṣe Mátíù, kì í ṣe Sáàmù, nítorí àwọn ìyẹn, ẹnìkan lè ti gbọ́ ọ rí. Ní tèmi, mo rò pé ará Kétu ni Hábákúkù. Ó mọ ọ̀rọ̀ ilé wa jù. Mo tilẹ̀ fura sí bàbá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, tó máa ń gba ojú fèrèsé wo ìsaasùn wa, pé bóyá òun ni.

Ẹ má sì ṣe bi mí pé kí ni ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà yẹn wà nínú ilé ìtajà kan tí wọn ò tíì kọ́ parí, lẹ́yìn ọjà Ìkòsì, pásítọ̀ wa sì jẹ́ ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ lè já ewé lórí igi. Ó máa ń ka ẹsẹ kan ṣoṣo, á pa Bíbélì dé gbà, á fọwọ́ gbá a bí ẹni ń gbọn ẹní, ó di ìyẹn. Àlá ló máa sọ títí tí oòrùn á fi kàn wá lórí láti ihò páànù. Àwọn ìyá ọlọ́jà á máa fò sókè, òógùn á bò wọ́n. Tí wọ́n bá délé, tí o bi wọ́n pé kí ni pásítọ̀ wàásù, wọ́n á ní, "Iná ni." Tí o bá tún bi wọ́n pé kí ni iná náà wí, wọ́n á gbá ọ létí. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọkùnrin yẹn lọ síbòmíràn, wọ́n wá gbé ẹlòmíràn fún wa láti ìgbèríko kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó tín-ín-rín, ó máa ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn, tí ó bá sọ̀rọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á ní kí ó tún un sọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọ́kọ́ wá, ó ní, "Ẹ jókòó o, ó máa pẹ́ díẹ̀." Ó wá ka odindi orí kan. Ó sọ ẹni tó kọ ọ́, àwọn tó kọ ọ́ sí, ohun tó ń bí i nínú lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́. Sunday kejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Àwọn obìnrin wo ara wọn lójú. Ìyá Ìjọ, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn ìyá, ní láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti dé, kò tíì sí ẹni kankan tó ṣubú. Wọ́n sọ ọ́ ní Pásítọ̀ Tíṣà, kì í sì í ṣe láti yìn ín.

Nínú gbogbo wọn, bàbá mi ló kórìíra rẹ̀ jù. Wọ́n ní ọkùnrin náà kò ní agbára, wọ́n ní pásítọ̀ tí kò lè fọ́ gbohùngbohùn kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta, kí ló fẹ́ fi lé èṣù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni. Àṣé bàbá mi ti wo ìrìn ọkùnrin náà. Ó ti parí Rúùtù, ó ti wọ inú àwọn wòlíì, kò fò, kò sáré. Ó ń bọ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀ sọ́dọ̀ Hábákúkù.

Nǹkan tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni ọ̀rọ̀ àyè kan tó ṣófo ní Mile 12.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń ra ọjà láàárọ̀ kùtù, lọ́wọ́ Alhaja Ìyá Sikírù, tó ń ta tòmátì àti ata ní agbọ̀n agbọ̀n. Ẹ mọ bí àwọn tó ń kó agbọ̀n ṣe ń ṣe é: àwọn tó dán, tó pọ́n, wọ́n á tò wọ́n sókè kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí ọ, àwọn tó ti jẹrà á wà nísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti ní rí wọn. Ìyá mi kì í ra agbọ̀n kankan láìdà á sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ n rí ìdí rẹ̀ ná," ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn láti àárọ̀ dalẹ́. Ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí wọn lọ́mọ, wọ́n á dà á sílẹ̀. Àwọn Hausa tó ń já ọjà ń pè wọ́n ní Màdáàmù Dà-á-sílẹ̀. Alhaja nìkan ni kì í bínú sí i, ó ní ẹni tó bá ń wo ìdí agbọ̀n báyìí ló yẹ kó máa tà á.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja ní òun ń lọ bá ọmọ òun ní Ìbàdàn, òun kò padà mọ́. Alhaja pe ìyá mi, ó ní kí wọ́n wá gba àyè yẹn, kí wọ́n kúrò lórí àtẹ iwájú ilé, kí wọ́n máa ta agbọ̀n. Òun á bá àwọn onímọ́tò tó ń kó ọjà wá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yára, nítorí àwọn mìíràn ti ń wo ibẹ̀, bí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá mọ́ tí kò sẹ́nìkan níbẹ̀, alága ọjà á gbé e fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Ìyá mi kọrin láti Mile 12 títí dé Kétu. Mi ò gbọ́ kí wọ́n kọrin rí, mo sì mọ ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ohùn wọn kò dára. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ ọ́.

Wọ́n sọ ọ́ fún bàbá mi lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣáà ń tẹ máṣíìnì. Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín: ẹ̀bà ni. Lójoojúmọ́, nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, bàbá mi máa ń jẹ ẹ̀bà gbígbóná, ìyá mi ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Obìnrin tó bá wà ní Mile 12 láàárín ọ̀sán kò lè wà ní Kétu láti tẹ ẹ̀bà. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ, bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ṣí Bíbélì. Wọ́n gbójú sókè wo àjà. "Hábákúkù, orí kọkànlá," ni wọ́n wí, ó wá ń ṣàn: "Obìnrin tí ó bá fi iwájú ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì lọ ta ohun pupa ní ọ̀nà jíjìn, ilé rẹ̀ yóò tutù, ààrò rẹ̀ yóò sì di ibùsùn ewúrẹ́."

Àwa ọmọ ṣe àmín. Ìyá mi kò ṣe é.

"Ohun pupa?" ni wọ́n bèèrè.

"Ohun pupa ni mo rí níbí."

"Ṣé ata ni, Bàbá Bọ́sẹ̀?"

"Wòlíì kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n kí ló tún pupa, Ìyá Bọ́sẹ̀?"

Ìyá mi dìde lọ ro ògì. Wọ́n ro ó, wọ́n ro ó títí tó fi jóná, wọ́n ṣì ń ro ó. Mo ti rí i tí agbọ̀n tòmátì yí sínú gọ́tà níwájú wọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ojú wọn kò rí báyìí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ọlọ́run ni wọ́n bẹ̀rù, bàbá mi kọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú mi dání lọ sọ fún Alhaja pé àwọn kò lè gbà á mọ́. Alhaja jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ata rodo sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Ọlọ́run tiyín ni kò fẹ́ràn ata?"

"Bíbélì ló wí bẹ́ẹ̀, Alhaja."

"Ta ló kà á?"

"Bàbá Bọ́sẹ̀ ni."

Alhaja wò wọ́n, ó wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. "Bàbá Bọ́sẹ̀," ló wí, "tí o máa ń torí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sá kúrò lọ́jà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé." Ó ju ata kan tó ti bàjẹ́ nù. "Mi ò pè é ní onírọ́ o. Ṣùgbọ́n tí ọkọ tèmi bá ní Kùránì wí báyìí, àáfà ni mo máa ń lọ bi. Ìwọ Ìyá Bọ́sẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń bá ara wa bọ̀, o kò gba agbọ̀n lọ́wọ́ mi rí láìdà á sílẹ̀. Èwo wá ni ti ọkọ ẹ, tó jẹ́ pé odindi lo máa ń gbé e?"

Alhaja wọ́ àpótí rẹ̀ kan lọ sí àárín àyè tó ṣófo náà, ó ní òun fi dí i di Mọ́ńdè. "Lọ bi àáfà yín," ló wí, ló bá kọjú sí oníbàárà.

Lẹ́yìn ìsìn Sunday, Pásítọ̀ Tíṣà máa ń ní ká dúró díẹ̀, kí ẹni tí nǹkan kan bá rú lójú nínú ohun tó kà láàárín ọ̀sẹ̀ dìde kó bèèrè. Kò sẹ́ni tó máa ń bèèrè. Ìrẹsì ń dúró nílé. Lọ́jọ́ yẹn ni ìyá mi dìde. Bàbá mi wà létí fèrèsé, níbi tí wọ́n ti lè máa wo ibi tí ìránṣọ ti wọ́ lára aṣọ àwọn èèyàn.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ìyá mi ní, "mo fẹ́ kí ẹ là á yé mi. Kí ló dé tí Ọlọ́run ò fẹ́ kí obìnrin ta ohun pupa?"

"Níbo lẹ ti rí i, Mà?"

"Hábákúkù, orí kọkànlá. Ti orí keje tó sọ̀rọ̀ nípa ẹja, mo ti fara mọ́ ìyẹn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á báyìí lè máa rẹ́rìn-ín. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀. Díákónì kan tó jókòó níwájú wa mi orí, ó ní, "Orí kọkànlá yẹn, orí tó le ni." Ìyá Ìjọ ní òun rántí pé pásítọ̀ tó lọ wàásù lé e lórí rí, iná ni. Mo rí ojú Pásítọ̀ Tíṣà. Ọkùnrin náà dà bí ẹni tó wọ ilé ara rẹ̀, tó wá bá àwọn àjèjì lórí ibùsùn.

"Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí i," ló wí.

Bàbá mi bá dìde. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ òórùn áyọ́ọ̀nù, pé ó dà bí ẹni pé aṣọ oníbàárà ti ń jó nílé. Sunday ni o. Èédú kò wà nínú áyọ́ọ̀nù náà láti Sátidé. Wọ́n jáde.

Ká tó rí Hábákúkù, ó pẹ́. Àwọn kan ń wá a nínú Májẹ̀mú Tuntun. Ẹnìkan kígbe pé òun ti rí i, Hágáì ni. Nínú Bíbélì àwọn mìíràn, ewé apá ibẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé jáde, wọ́n ń fi itọ́ yà á. Nígbà tí gbogbo wa débẹ̀ tán, Pásítọ̀ Tíṣà ní kí a máa ṣí i lọ síwájú. Orí kìíní. Orí kejì. Orí kẹta. Lẹ́yìn orí kẹta, Sefanáyà ló kàn.

Díákónì wúkọ́. "Bóyá Bíbélì àtijọ́ ló ní i," ló wí.

"Kò sí Bíbélì tó ní i, sà," ni Pásítọ̀ Tíṣà wí. Ó fa àga, ó jókòó. Gbogbo ìjọ ń retí kí ó bèèrè ẹni tó kà á, nítorí gbogbo wa la ti mọ̀. Òórùn áyọ́ọ̀nù ti sọ ọ́. Kò bèèrè. Ó ní, "Ẹ má bínú sí ẹni tó kà á fún yín, Mà. Àwa pásítọ̀ ni kí ẹ bínú sí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ni pé ká máa ṣí i níwájú yín. Tí a bá ti ń ṣí i látọjọ́ yìí, tí a ń là á yé yín, ta ló máa rí àyè tí á fi kọ́ orí kọkànlá sí i? A pariwo lé yín lórí, a wá fi ilé sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú láti kọ́ yàrá sí i."

Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ní kí ó tún un sọ.

Ó wá ṣí ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, ó ka ìtàn Lìdíà fún ìyá mi, obìnrin ìlú Tíátírà tó ń ta aṣọ elése àlùkò. Ìyá mi fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n ní:

"Elése àlùkò yẹn, ṣé kò pupa?"

"Ó pupa díẹ̀, Mà."

"Ṣé ọ̀nà jíjìn ló ti ń tà á?"

"Ìlú onílùú ni."

"Ọlọ́run ò sì bínú?"

"Ó ṣí i lọ́kàn ni. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ dé sílé rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Ta ló wá ń se oúnjẹ ọ̀sán?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín Pásítọ̀ Tíṣà. "Bíbélì ò sọ, Mà," ló wí. "Èmi náà ò sì ní fi kún un."

Ẹ wá fojú inú wo bàbá mi nílé. Wọ́n ti nu áyọ́ọ̀nù, wọ́n ti gbá ìdí máṣíìnì, ohun tí wọn kò ṣe rí. Ogun ni wọ́n ń retí. Ìyá mi bu ìrẹsì fún wọn, wọ́n fi ẹran sí i, wọ́n gbé omi tì í. Nígbà tí bàbá mi jẹun tán, ìyá mi gbé Bíbélì lé wọn lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, ẹ ka Hábákúkù fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dé ìdí orí kẹta, kí ẹ dúró."

Bàbá mi kà á. Ẹnu wọn ń kọsẹ̀ láti ẹsẹ dé ẹsẹ, òógùn ń bọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá ti kọsẹ̀, ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ máa kà á lọ, èyí tòótọ́ ni." Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wòlíì ti ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó tí òun á fi máa ké tí Ọlọ́run kò ní gbọ́, ìyá mi ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́jà ni ọkùnrin yìí ì bá jẹ́.

Kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́ tán, ìyá mi ti jókòó sórí àpótí Alhaja. Èmi ni mo ru àtẹ tẹ̀lé wọn. Alhaja wò wọ́n, ó ní, "Ọlọ́run tiyín ti yí ọkàn padà?"

"Rárá o," ìyá mi ní. "Kò sọ ọ́ rí ni."

Bàbá mi kò lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ ní apá Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí gbohùngbohùn pọ̀ tó bí èèyàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà. Wọ́n ní oníwàásù ibẹ̀ gbójú sókè wo àjà, ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, àwọn sì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń rán an. Láti ọjọ́ náà, iwájú ni bàbá mi ń jókòó sí lábẹ́ Pásítọ̀ Tíṣà, ìka wọn lórí ìlà. Wọ́n tún kọ́ bí a ṣe ń tẹ ẹ̀bà. Tiwọn máa ń ní kókó, àmọ́ wọ́n ń jẹ ẹ́, wọn kì í wò wá lójú.

Ìyá mi náà kọ́ ìwé kíkà lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, pẹ̀lú àwọn ìyá mìíràn, pẹ̀lú Ìyá Ìjọ tó ní òun kàn wá bá wọn ṣọ́ àga ni. Ní tèmi, nígbà tí mo ka ìwé dé ibi tí mo fẹ́, mo sọ pé ó tó, mo lọ bá ìyá mi lọ́jà. Àyè yẹn ni mo ṣì wà títí dòní.

Ìṣẹrì Olówóòrá ni mo ń gbé báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹ̀rọ amúlétutù, pásítọ̀ wa kò ju ọmọ àná lọ. Ó máa ń ju ẹsẹ Bíbélì sójú ògiri pẹ̀lú iná, kí o tó ka ìdajì, ó ti yí i kúrò. Mo máa ń nawọ́ sókè pé kí ó dá a padà. Àwọn ọ̀dọ́ ní Mummy ń dí ìsìn lọ́wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jókòó, mi ò níbi tí mo ń lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fi bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro mí. Mo rò pé ẹ̀bà ló ń dùn wọ́n. Àfìgbà tó di ọdún tó kọjá yìí, tí ọmọbìnrin mi tó ń ràn mí lọ́wọ́ lọ́jà wá jókòó tì mí, tó ní òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ fóònù títún ṣe ní Mende, pé ata ò wù òun. Mo wo ọmọ náà. Mo wo àyè tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo ro ẹni tí á jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù kan báyìí tí kò ní ohùn, bóyá irú rẹ̀ ló ba bàbá mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti là fúnra rẹ̀, mo gbọ́ tí mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé Bíbélì sọ pé ọmọ tí ó bá kọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀..."

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó kàn fa fóònù yọ, ó ní, "Orí wo, Mummy?"

Mo ní kó máa lọ. Ó ń lọ sí Mende lójoojúmọ́ báyìí, orí rẹ̀ pé, èmi ni mo ń fa agbọ̀n fúnra mi. Ní Sunday tó tẹ̀lé e, mo dúró de pásítọ̀ wa kékeré lẹ́nu ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kó máa kà á tán, kó máa là á yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí. Ó ní, "Mummy, ẹ má ṣèyọnu, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé."

Mo ní, "Kì í ṣe nítorí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kà. Nítorí àwa tí a mọ̀ ọ́n kà ni."